Owó, ẹ̀jẹ̀ àti ẹsẹ̀: ohun tí ará àdúgbò lè fi ran ìwádìí jẹjẹrẹ lọ́wọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Àwọn olùwádìí láti yunifásítì wá bá ẹgbẹ́ obìnrin wa. Wọ́n ní ká dáhùn ìbéèrè nípa ara wa àti ìdílé wa, ká jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára wa, kí ẹgbẹ́ sì dá owó sí ìwádìí jẹjẹrẹ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ, síbẹ̀ jẹjẹrẹ ọmú ló pa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́dún tó kọjá. Àǹfààní wo ni ìwádìí yìí ń ṣe fún irú wa gan-an? Ṣé kò ní sàn ká kó owó náà fún àwọn tí àìsàn ń bá fínra báyìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ará fẹ́ra kù ẹ̀gbọ́n yín. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi àwa tí à ń ṣe ìwádìí ní ìbéèrè tó gbóná, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn yí i po. Nínú ohun mẹ́ta tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín, owó ni mo kà sí kékeré jù lọ. Ìdáhùn yín àti ẹ̀jẹ̀ yín níye lórí jù ú lọ. Ohun kẹrin tún wà tí wọn ò béèrè, tó sì yẹ kí wọ́n béèrè, ìyẹn ẹsẹ̀ yín: kí ẹ bá aláìsàn rìn dé ibi ìtọ́jú. Níbẹ̀ gan-an ni ọwọ́ yunifásítì kò tó, tí ọwọ́ ẹgbẹ́ bíi tiyín sì tó.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé ìbéèrè ṣáájú, torí òun lọ́pọ̀ èèyàn ń fojú tín-ín-rín. Ní 1950, àwọn ọmọwé méjì ní Ìlú Ọba, Richard Doll àti Austin Bradford Hill, rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ bá àwọn aláìsàn ní àwọn iléèwòsàn London kí wọ́n lè bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mu sìgá sí. Nígbà yẹn, púpọ̀ nínú àwọn dókítà alára ló ń fa sìgá. Èsì náà fi hàn pé ọwọ́ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni sìgá ti pọ̀ jù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ lẹ́tà sí gbogbo dókítà orílẹ̀-èdè náà. Àwọn bí 40,000 dá wọn lóhùn, wọ́n sì ń tọpasẹ̀ àwọn ọkùnrin inú wọn, bí 34,000, fún 50 ọdún. Nígbà tí èsì ìkẹyìn jáde ní 2004, ó hàn pé ẹni tó ń mu sìgá tí kò jáwọ́ ń pàdánù bí ọdún 10 nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tó jáwọ́ ní ẹni 60 ọdún gba bí ọdún 3 padà, ẹni 50 ọdún gba 6, ẹni 40 ọdún gba 9, ẹni 30 ọdún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà àti àwọn èèyàn tí kò sú láti fèsì ni wọ́n fi rí gbogbo èyí.

Ní Amẹ́ríkà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1982 tún sún mọ́ ọ̀rọ̀ yín ju ìyẹn lọ. Ẹgbẹ́ American Cancer Society fẹ́ mọ ohun tó ń fa ikú jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n olùwádìí mélòó ló lè kan ilẹ̀kùn gbogbo ìlú? Àwọn ará ìlú 77,000 tó yọ̀ǹda ara wọn ló ṣe é. Oníkálùkù lọ bá ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò rẹ̀, wọ́n sì kó èèyàn mílíọ̀nù 1.2 jọ. Inú ìwé tí àwọn èèyàn yẹn kọ ni àwọn olùwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìsanrajù ń fa ikú oríṣiríṣi jẹjẹrẹ, àti pé afẹ́fẹ́ ìlú tó dọ̀tí ń pọ̀ sí ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ká ní àjèjì tó wọ aṣọ funfun ló kan ilẹ̀kùn yẹn, mo mọ iye àwọn tí ì bá ṣí i.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Mo máa fi ẹran ara kún un, torí ohun tí a ń gé lára aláìsàn nígbà iṣẹ́ abẹ náà ń wọ ilé ìwádìí. Palmer Beasley, ọ̀jọ̀gbọ́n láti University of Washington, gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 22,000 ní Taiwan, ó sì ń wò wọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Nígbà tí èsì jáde ní 1981, àwọn tí kòkòrò hepatitis B wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń pa, díẹ̀ báyìí ló kan àwọn yòókù. Ní 1984, ìjọba Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà kòkòrò náà. Nígbà tó fi máa di 1997, àwọn olùwádìí National Taiwan University kéde pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láàárín àwọn ọmọdé ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ̀jẹ̀ àwọn bàbá ló dáàbò bo àwọn ọmọ.

Ti jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ gùn ju èyí lọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ dáadáa torí òun ló dáhùn ohun tí ẹ sọ pé láti kékeré lẹ ti ń gbọ́ ìwádìí. Ní Jámánì, Harald zur Hausen gbà pé kòkòrò àìfojúrí kan tí à ń pè ní HPV ló ń fà á, nígbà tí ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀ ń nàka sí kòkòrò mìíràn. Ní 1983, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ rí irú HPV tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 16 nínú ẹran ara tó wá láti ara àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ náà, wọ́n sì rí nọ́ńbà 18 lọ́dún kejì. Àwọn méjèèjì yìí ló wà nídìí bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ lágbàáyé. Ní 1991, Ian Frazer àti Jian Zhou ní University of Queensland ní Ọsirélíà dá ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe èèpo kòkòrò náà láìsí ohun tó ń ṣeni léṣe nínú rẹ̀. Àwọn ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà náà ń bá irú iṣẹ́ yẹn bọ̀. Èèpo òfìfo yẹn ni wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2006. Zhou ò rí ọjọ́ náà, ó ti kú ní 1999.

Iṣẹ́ kò tán níbẹ̀. Jẹjẹrẹ yìí máa ń lo ọ̀pọ̀ ọdún lára kó tó fara hàn, nítorí náà ó di dandan ká dúró kí àwọn ọmọbìnrin tó gba abẹ́rẹ́ náà dàgbà. Ọdún 2020 ni àwọn olùwádìí ní Sweden wo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọbìnrin àti obìnrin tó lé ní mílíọ̀nù 1.6. Lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó pé ọmọ 17 ọdún, jẹjẹrẹ náà fi ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò gbà á. Ní 2024, àwọn ará Scotland wo àwọn tó gba abẹ́rẹ́ wọn pé nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 12 tàbí 13. Wọn ò rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn tó ní in. Ẹ ka ọdún náà láti 1983. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n rí kòkòrò náà ti lé ní ọmọ 35 ọdún kí ẹ̀rí tó pé pérépéré.

Àwọn ọ̀dọ́bìnrin 2,275 ní Kẹ́ńyà ló tún mú ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún gbogbo ayé. Wọ́n gbà kí wọ́n kópa nínú ìwádìí tó fẹ́ mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo á tó, dípò méjì tàbí mẹ́ta. Ó tó. Ní 2022, àjọ ìlera lágbàáyé, WHO, kéde pé orílẹ̀-èdè lè fi ẹ̀ẹ̀kan tó. Ìyẹn já sí pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kó fún ọmọ kan tẹ́lẹ̀ ti kárí ọmọ méjì.

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé jẹjẹrẹ ọmú ló pa ẹ̀gbọ́n yín, kì í ṣe ti ẹnu ilé-ọmọ. Ẹ jẹ́ ká wá débẹ̀. Ní 1990, Mary-Claire King ní University of California ní Berkeley fi ẹ̀rí hàn pé jẹjẹrẹ ọmú kan wà tó ń tinú ìdílé wá. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtàn ìdílé tí jẹjẹrẹ ọmú ti ń pa ìyá, àbúrò àti ọmọ léra léra ló fi mọ̀ ọ́n. Ní 1994, wọ́n rí jíìnì náà gan-an, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara tó wà nídìí rẹ̀, wọ́n pè é ní BRCA1. Obìnrin tó bá jogún ìbàjẹ́ jíìnì yìí tàbí èkejì rẹ̀, BRCA2, wà nínú ewu tó ga gan-an. Ṣùgbọ́n tó bá mọ̀ lásìkò, ó lè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ìgbà èwe, oògùn kan sì wà tó bá irú jẹjẹrẹ yẹn mu.

Ohun tí àwọn oníwádìí kì í fẹ́ sọ síta ni pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kó ìmọ̀ nípa jíìnì yìí jọ láti ara àwọn tó jẹ́ ọmọ ìran Yúróòpù. Tí ẹni tí kì í ṣe ìran yẹn bá ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sábà máa ń sọ fún un pé: a rí ìyípadà kan nínú jíìnì rẹ, ṣùgbọ́n a ò mọ̀ bóyá ó léwu. Kí ni èèyàn máa fi irú èsì bẹ́ẹ̀ ṣe? Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé ti University of Chicago àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Ibadan wà lára àwọn tó fẹ́ dí àlàfo yẹn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà tó lé ní 1,100 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọmú àti ti àwọn mìíràn tí kò ní in. Èsì wọn jáde ní 2018: nínú àwọn obìnrin mẹ́jọ tó ní jẹjẹrẹ náà, ó tó ẹnì kan tí jíìnì tó jogún fà á fún. Kò sí ẹni tí ì bá mọ èyí tí àwọn obìnrin náà bá kọ̀ láti na apá wọn.

Àmọ́ o, ẹni tó bá ń ṣọ́ra kí ó tó na apá kò jẹ̀bi. Ní 1951, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Henrietta Lacks, lọ gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà láìsọ fún un pé wọ́n máa fi ṣe ìwádìí. Ó kú lọ́dún yẹn kan náà, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń dàgbà nínú ìgò títí di òní, wọ́n sì ti fi ṣe ìwádìí tí kò lóǹkà. Àwọn ilé iṣẹ́ ta á, wọ́n jèrè. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ẹbí rẹ̀ tó gbọ́ rárá, ọdún 2023 sì ni ilé iṣẹ́ kan tó bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ lórí èrè náà. Òfin àti ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tó ń kópa nínú ìwádìí ti wà báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa béèrè.

Ẹ bi wọ́n pé ìgbìmọ̀ wo ló fọwọ́ sí ìwádìí náà, kí wọ́n sì fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Ẹ bi wọ́n ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà máa wà, iye ọdún tó máa wà níbẹ̀, àti bóyá wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn tàbí tà á. Ta ló máa rí orúkọ yín? Tí wọ́n bá rí jíìnì tó léwu lára yín, ṣé wọ́n máa sọ fún yín, ta ló sì máa tọ́jú yín lẹ́yìn náà? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ lójú tèmi, torí kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n má sọ kò yàtọ̀ sí ìwà ìkà. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti yọwọ́ nígbàkúùgbà, ìtọ́jú yín ní iléèwòsàn ò sì gbọ́dọ̀ bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Kí wọ́n ka ìwé àdéhùn fún yín ní èdè tí ẹ gbọ́, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Ohun kan kọ mí lóminú nínú lẹ́tà yín: àwọn kan náà ló ń gba ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n tún ń gba owó. Ìwádìí gidi kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kópa nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àìgbọ́n ni, kó má jẹ́ ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá dá kọ́bọ̀ gbọ́dọ̀ lè kópa, owó tí ẹgbẹ́ bá sì dá, àpò yunifásítì ni kó lọ tààrà, pẹ̀lú rìsíìtì. Kò gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá.

Ní ti ìtọ́jú, kí n mú ohun kan tó kan jẹjẹrẹ ọmú. Láti òpin ọ̀rúndún 19, ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń ṣe ni pé wọ́n á gé gbogbo ọmú, iṣan àyà tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti kókó abíyá. Obìnrin ò ní lè gbé apá sókè dáadáa mọ́. Bernard Fisher ní University of Pittsburgh ò gbà pé ó pọn dandan, ṣùgbọ́n àìgbà rẹ̀ nìkan kò tó, ẹ̀rí ló kù. Láti 1976, àwọn obìnrin bí 1,800 gbà kí wọ́n ṣẹ́ kèké lé wọn lórí: àwọn kan á pàdánù gbogbo ọmú, àwọn kan á pàdánù kókó náà nìkan, àwọn kan á gba ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ kókó. Ẹ rò ó wò, kí aláìsàn gbà kí kèké yan iṣẹ́ abẹ tí wọ́n máa ṣe fún un. Lẹ́yìn tí wọ́n tọpasẹ̀ wọn fún 20 ọdún, wọ́n kéde ní 2002 pé iye àwọn tó yè kò yàtọ̀. Ìtànṣán ò jẹ́ kí jẹjẹrẹ tètè padà sínú ọmú tí wọ́n fi sílẹ̀, òun ló fi di ara ìtọ́jú. Obìnrin tí wọ́n bá tètè rí kókó lára rẹ̀ lónìí tó sì mú ọmú rẹ̀ padà sílé, àwọn 1,800 yẹn ló ṣe é fún un.

Owó wá kù, mi ò sì ní sọ pé kò wúlò. Ní 1948, Sidney Farber, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, kọ ìwé pé òun fún ọmọdé 16 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ní oògùn tuntun kan, ara 10 nínú wọn sì yá fúngbà díẹ̀. Fúngbà díẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n gbé ohùn ọmọ kan tó ń ṣàìsàn sórí rédíò, àwọn ará ìlú sì fi owó tó lé ní 200,000 dọ́là ránṣẹ́. Owó yẹn ló bí Jimmy Fund, tó ṣì ń bọ́ ilé ìwádìí tó ń jẹ́ orúkọ Farber. Lónìí, níbi tí ìtọ́jú bá ti pé, ọmọ bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù láàárín ọmọdé ló ń yè. Ní Kánádà, Terry Fox, ọ̀dọ́kùnrin tí jẹjẹrẹ eegun ti gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, sáré fún ọjọ́ 143 ní 1980 láti fi dá owó fún ìwádìí jẹjẹrẹ, kó tó di pé jẹjẹrẹ tó tàn dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dá a dúró. Ó kú ní ẹni 22 ọdún, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń dá lórúkọ rẹ̀ ti lé ní 800 mílíọ̀nù dọ́là Kánádà. Ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà, Dennis Slamon ń ṣe ìwádìí HER2, ohun tó ń mú kí jẹjẹrẹ ọmú ẹnì kan nínú bíi márùn-ún máa yára. Owó ọrẹ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Revlon gbé e dúró, oògùn rẹ̀ sì gba àṣẹ ní 1998. Nǹkan tí owó ọrẹ ń ṣe tí owó ìjọba kì í sábà ṣe nìyẹn: ó ń gbé èrò tí kò tíì ní ẹ̀rí púpọ̀ dìde, kí ó lè rí ẹ̀rí tó máa fi gba owó ńlá.

Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ kan ò lè bí oògùn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. WHO sọ pé ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ni a lè dènà pẹ̀lú ohun tí a ti mọ̀ báyìí. A ti mọ ọ́n. Àárín ilé ìwádìí àti ilé aláìsàn ni ìmọ̀ náà ti ń sọnù.

Ẹni tó fi èyí hàn mí jù lọ ni Harold Freeman, oníṣẹ́ abẹ ní Harlem Hospital ní New York, tó tún jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Columbia University. Ó wo àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin 606 tí wọ́n tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú fún níbẹ̀ láàárín 1964 sí 1986. Ìdá 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló yè fún ọdún 5. Bí ìdajì wọn ló jẹ́ pé àìsàn ti tàn kí wọ́n tó dé. Tálákà ni wọ́n, púpọ̀ ò ní ètò adójútòfò ìlera, wọ́n sì ń bẹ̀rù iléèwòsàn. Freeman ṣí ibi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́. Nígbà tó di 1990, ó tún gba àwọn èèyàn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa bá aláìsàn rìn láti ọjọ́ tí àyẹ̀wò bá ti fura títí tí ìtọ́jú fi máa parí. Wọ́n ń bá a kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n ń rán an létí ọjọ́ tó máa padà wá, wọ́n ń wá ẹni tó máa mójú tó ọmọ rẹ̀ nílé. Nínú àwọn obìnrin 325 tó wá láàárín 1995 sí 2000, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló yè fún ọdún 5.

Kí n sọ ohun tí oníwádìí tó lójú máa sọ: apá kan nínú ìyàtọ̀ yẹn wá láti ara oògùn tó ti dára sí i, apá kan sì wá láti ara pé wọ́n tètè rí àìsàn, tí wọ́n fi tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún. Kódà lẹ́yìn tí a bá yọ ìyẹn, ohun tó ṣẹ́ kù pọ̀. Kò sì ní ohun tí ẹgbẹ́ obìnrin kò lè ṣe nínú rẹ̀.

Ní Mumbai ní Íńdíà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Tata Memorial kọ́ àwọn obìnrin tó ka ìwé dé kíláàsì kẹwàá, tí wọn kì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe ń fi fínígà wo ẹnu ilé-ọmọ. Ibi tó bá funfun ni wọ́n ń fura sí. Ní àárín ilé àwọn tálákà ni wọ́n ti ń ṣe é, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì. Ikú jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ dín kù níbẹ̀ ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀ nípa ìwádìí yìí, torí àwọn obìnrin bí 76,000 tó wà ní apá kejì ò rí àyẹ̀wò gbà nígbà ìwádìí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n fún wọn. Mo rò pé àwọn tó bínú ní ẹjọ́. Síbẹ̀ ohun tí àwọn obìnrin oníkíláàsì kẹwàá yẹn fi hàn ò ṣe é gbé sápá kan. Ní New York, àwọn olùwádìí yunifásítì NYU gbé irú iṣẹ́ tí Freeman bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan máa báni rìn dé ibi àyẹ̀wò, lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn onígbàjámọ̀ fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Àwọn tó ṣe àyẹ̀wò di bí ìlọ́po méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí kò ṣe é ṣì pọ̀ jù wọ́n lọ.

Ẹ ó ti gbọ́ pé tí aláìsàn bá wà nínú ẹgbẹ́, tí inú rẹ̀ ń dùn, jẹjẹrẹ á sá. Ẹ má gbà á gbọ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi dá aláìsàn lẹ́bi pé kò túra ká tó. Ìwádìí kan láti Stanford ní 1989 sọ pé ẹgbẹ́ alátìlẹyìn mú kí àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú pẹ́ láyé sí i. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú obìnrin 235 ní Kánádà, tí èsì jáde ní 2001, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìbànújẹ́ àti ìrora dín kù. Ìyẹn náà tó ìdí láti ṣe ẹgbẹ́, kò sì yẹ ká fi irọ́ kún un. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni ti 2017: wọ́n fún àwọn aláìsàn tó ń gba kẹmó, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, ní ẹ̀rọ tí wọ́n á máa fi sọ bí ara ṣe ń rí, nọ́ọ̀sì á sì pè wọ́n tí nǹkan bá le. Àwọn yẹn fi bí oṣù 5 pẹ́ ju àwọn tó ń dúró di ọjọ́ tí dókítà máa rí wọn. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ṣe, ẹni tó ń yà wò aláìsàn lójoojúmọ́, tó sì ní nọ́ńbà nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nínú ẹgbẹ́ yín, màá kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà fún ọkọ̀ àti ibùgbé àwọn tó ń gba ìtọ́jú, pàápàá àwọn tó ń gba ìtànṣán. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó bá sì ń pa ọjọ́ jẹ ń fi ìwòsàn rẹ̀ wewu. Màá yan ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó lẹ́nu tó sì lè pa àṣírí mọ́, kí wọ́n máa bá aláìsàn lọ sí iléèwòsàn. Màá ní kí àwọn ará yunifásítì yẹn kọ́ wọn níṣẹ́. Wọ́n á gbà, torí wọ́n ń wá irú wọn. Ìyókù owó náà, tó bá wù yín, ẹ fún ìwádìí, àmọ́ ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n padà wá jábọ̀ fún ẹgbẹ́ lọ́dọọdún.

Ó ku ọ̀kan tí kò ṣeé sún síwájú. Ẹ ò sọ ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n yín. Tí kò bá tíì pé 50 ọdún nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ náà, tàbí tí ìyá, àbúrò ìyá tàbí ìbátan bàbá yín kan bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ibi tí ẹyin obìnrin wà, ẹ gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní iléèwòsàn tó ti gba ìtọ́jú, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà yín. Ẹ bi í nípa àyẹ̀wò BRCA, ẹ sì béèrè ìgbà tó yẹ kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọmú. Ẹ ṣe ìyẹn kí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ tó pé.